Àṣẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Àtúnkà ti ka ẹsẹ̀ kejì nínú àṣẹ náà tán, ó ń fi ìka tẹ̀lé ẹsẹ̀ kẹta lójú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ìka náà dúró. Ó padà sí ìlà kìíní, ó tún un kà. Kò yí padà. Níbi tí ó yẹ kí "rà" wà, "tà" ló jókòó síbẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí "tà" wà, "rà" ló gba àga. Aago ara ògiri fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kí ọjà ṣíà, níbi tí wọ́n ti ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sì ń tà á, tó ti ìlẹ̀kùn.

"Tẹ̀ ẹ́, jẹ́ ká lọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí lẹ́yìn rẹ̀. "Kí lo tún ń kà? Ṣé lẹ́tà ìfẹ́ ni?"

Àtúnkà kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, níbi tí òun àti obìnrin kan ti máa ń jókòó kojú ara wọn. Ọ̀kan á máa ka ìwé sókè, títí kan àmì ìdánudúró, èkejì á máa fi ìka tẹ̀lé e nínú ẹ̀dà tirẹ̀. Nígbà tí ó bá ara rẹ̀ nílé-iṣẹ́ alágbàtà ṣíà yìí, ó gbé àṣà náà dání wá. Kì í rán àṣẹ ríra tàbí títà kankan lọ sọ́jà láìkà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀rín títí orúkọ fi lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ náà ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń kọ́ àwọn oníbàárà nípa ọjà, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ àti pátákó lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ á sì máa dún dé ìsàlẹ̀ ilé. Ó ti fi ẹnu rà, ó ti fi ẹnu tà, ó sì ti fi ẹnu jèrè ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wà nínú ọkọ̀ òfúrufú lónìí, fóònù rẹ̀ kò lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ń dí ipò rẹ̀ mú. Òun fúnra rẹ̀ ló to àṣẹ tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí. Òfin Ọ̀gá ni pé ẹni tó bá to àṣẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn òfin yẹn gan-an, nítorí ó jẹ́ kí ó rí ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún.

Oníbàárà tó ni àṣẹ náà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Dókítà eléyín ni, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbàá ṣíà ló ní nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹnu kú kí wọ́n tó yọ eyín. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ náà, ọgbọ̀n ọdún náà ló sì fi ń ra ṣíà wọn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí yóò fi jẹun ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò ní òmíràn. Bí ọjà bá ti pa lónìí, ilé-iṣẹ́ náà máa kéde bí ọdún ti rí fún wọn. Bí ìròyìn bá burú, ṣíà tó wà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lè bọ́ sílẹ̀ bí àgbọn.

Ààbò ló wá rà. Ètò rẹ̀ kò ṣòro, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní. Kí ó ra ẹ̀tọ́ pé, bí ó ti wù kí ṣíà já wálẹ̀ tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní àádọ́rùn-ún dọ́là. Ẹ̀tọ́ yẹn wọ́n. Kí owó rẹ̀ lè fúyẹ́, kí òun náà ta ẹ̀tọ́ méjì fún àwọn ẹlòmíràn: ọ̀kan pé wọ́n lè kó tiwọn wá tà fún un ní ọgọ́rin, èkejì pé wọ́n lè ra tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àádọ́fà. Ààbò náà ní ìsàlẹ̀, èrè náà ní òrùlé, olúwarẹ̀ á sì sùn. Dọ́là kan ni yóò ná an lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan.

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ tò ó nìyẹn, Àtúnkà sì rí i láti orí àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là kan náà yọ lójú kọ̀ǹpútà ní àwọ̀ pupa, nítorí pé owó tó ń jáde ni. Pupa kò bá Ọ̀jọ̀gbọ́n lára mu. Bọ́tìnì kan wà lókè tó ń yí gbogbo ẹsẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ríra á di títà, títà á di ríra. Ó fọwọ́ kàn án. Dọ́là kan di àwọ̀ ewé.

"Áà!" ló pariwo. "Ẹ wá wò ó! Ọjà ló máa sanwó fún wa! Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ ọ́ fún wọn pé ẹ̀rọ yìí fẹ́ ọlọ́gbọ́n?"

Ó wá dìde, ó pe Àtúnkà pé kí ó wá tẹ̀ ẹ́.

Bí àṣẹ yìí bá lọ bẹ́ẹ̀, tí ṣíà sì já, Dókítà á pàdánù lórí tirẹ̀, á tún fi owó ra àdánù ẹlòmíràn lé e. Àtúnkà mọ ìyẹn dájú. Ó tún mọ nǹkan mìíràn. Oní ló pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán òun wò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Fọ́ọ̀mù tí yóò sọ bóyá òun máa dúró tàbí òun máa lọ wà nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìtẹ̀wé sì ti kógbá wọlé. Ẹni tó sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú oníbàárà ní oṣù tó kọjá pé ó ṣìṣe, ẹnu ọ̀nà ló wà báyìí, ó ń kọ orúkọ àlejò sínú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àtúnkà wí, "ẹ jẹ́ kí n kà á sókè fún Dókítà."

"Kà á sókè? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé Dókítà ò mọ̀wé ni?"

"Wọ́n mọ̀wé, sà. Ṣíà wọn ni, kí etí wọn gbọ́ ọ."

"Àkókò ń lọ, Àtúnkà! Bọ́tìnì kan ni mo ní kó o tẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo! Ọ̀bọ gan-an lè tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni. Ọ̀bọ lè tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gba ọ̀bọ síṣẹ́.

Dókítà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ó kà á. Èmi náà, kí n tó yọ eyín, màá fi irin kàn án, màá ní, 'Ṣé èyí nìyí?' Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mi ò béèrè rí. Ẹni yẹn ṣì ń kọ lẹ́tà sí mi dòní."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago, ó pòṣé. Àtúnkà fi ìka lé ìlà kìíní.

"Ẹsẹ̀ kìíní," ló kà, ohùn rẹ̀ tẹ́jú bíi ti ẹni tó ń ka ìwé tí kò kàn án. "Dókítà ta ogún ìwé ẹ̀tọ́. Ìwé kan dúró fún ọgọ́rùn-ún ṣíà. Bí ṣíà bá já, ẹni tó rà á máa kó tirẹ̀ wá, Dókítà á sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní àádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ kejì..."

"Dúró ná," ni Dókítà wí.

"Ẹ jẹ́ ó parí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Ó ti parí létí mi. Ta ló máa ra ti ta?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ra tiwọn, Bàbá. Ní àádọ́rùn-ún."

"Èmi? Ilé mi ń jó lọ́wọ́, kí n wá lọ ra ti aládùúgbò tó ń jó pẹ̀lú?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀rín olùkọ́. "Dókítà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ wo iye yìí. Àwọ̀ ewé ni! Ọjà ló ń fún yín lówó."

"Kí ni mo ṣe fún ọjà? Ẹni tó bá ń fún mi lówó láìjẹ́ pé mo ti ṣiṣẹ́, ó ní ohun tó fẹ́ gbà."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta la gbé e lé. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù!"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dojú ìkòkò dé lórí ààrò, ẹ má bi ààrò léèrè ọbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún mọ́ tábìlì. Ó tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó rí èèyàn tó jọ ẹni tó mọ̀. Àtúnkà rí i nígbà tí àṣìṣe náà yé Ọ̀jọ̀gbọ́n. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, ó mì díẹ̀. Ó na ọwọ́ kọjá èjìká Àtúnkà, ó yí ẹsẹ̀ kìíní padà sí "rà", ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó wá di pé wọ́n ń ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọ̀ ewé kú, pupa jí dìde. Dọ́là kan di dọ́là méje.

"Méje!" ni Dókítà wí. "Lórí ẹgbàá ṣíà? Ẹgbàá méje dọ́là nìyẹn! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ kúkú sọ fún mi bóyá kí n sáré lọ gbé ìwé ilé mi wá fi yáwó."

"Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe wèrè," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àtúnkà wí, kò yí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, "bí ẹ ṣe kọ́kọ́ tò ó lẹ́ẹ̀kan ló dáa jù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá a padà sí bẹ́ẹ̀."

Irọ́ kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí, ó ń wá ibi tí ẹ̀gún wà nínú rẹ̀, kò rí i.

"Ohun tí mo ń sọ láti ìgbà yẹn nìyẹn," ló wí. "Dá a padà."

Àtúnkà dá ẹsẹ̀ kìíní padà sí "tà", ó tẹ bọ́tìnì òkè lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yípo lápapọ̀. Ó ní kí Dókítà sún àga mọ́ ọn, kí ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀lé ìlà. Ó kà: ra ogún, àádọ́rùn-ún. Ta ogún, ọgọ́rin. Ta ogún, àádọ́fà. Ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ náà máa parí, ó kà á. Orúkọ ilé-iṣẹ́, ó kà á. Ìka Dókítà kò yà kúrò lójú ìlà títí ó fi parí. "Èyí nìyí," ni Dókítà wí.

Àtúnkà fi dọ́là kan lélẹ̀ pé iye tí wọ́n máa san nìyẹn, ó rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ kan. Kò sí ẹni tó gbà á. Àwọn tó wà lódìkejì ń béèrè dọ́là kan àti ogún sẹ́ǹtì. Ó fi sẹ́ǹtì márùn-ún kún un, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún. Kò sí ẹni tó gbà á.

"Já wọn sọ́tọ̀!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Rán wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yá. Èyí tó bá tà kó tà!"

"Ẹ̀gbọ́n, bí méjì bá tà tá ò rí ẹyọ kan yẹn rà, ọjà á pa mọ́ wa lórí, Dókítà ò sì ní ní ààbò."

"Mo ní kó o já wọn!"

"Mo ti gbọ́, sà." Kò já wọn. Ó fi sẹ́ǹtì márùn-ún mìíràn kún un, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan kí wọ́n má baà tún fẹ́ ṣe nǹkan.

Aago ń lọ. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn yanran lẹ́ẹ̀kan náà: ó ti wọlé, ogún, ogún, ogún, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá.

Dókítà mí kanlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mí, ó sì rí ohùn rẹ̀ padà.

"Ẹ rí i," ló wí, "mo mọ̀ọ́mọ̀ dojú rẹ̀ dé ni. Ìdánwò ni. Mo fẹ́ wò ó bóyá Àtúnkà á rí i."

"Ìdánwò?" ni Dókítà wí. "Pẹ̀lú ṣíà mi?"

"Ibi tí iná bá ti ń jó la ti ń dán omi wò, Dókítà."

Iṣẹ́ kan ṣì kù. Òfin Ọ̀gá ni pé àṣẹ tí wọ́n bá tò tí wọn kò rán, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ fọ́ọ̀mù Àtúnkà láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e lé tábìlì, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Kọ ọ́ pé ìdánwò ni," ló wí wẹ́rẹ́. "Kí èmi náà lè kọ tìrẹ."

Àtúnkà kọ ọ́. Gbólóhùn mẹ́ta ló kọ: *A kà á sókè fún oníbàárà. Oníbàárà kọ̀ ọ́. A dá a padà sí bí a ṣe kọ́kọ́ tò ó.* Ó yí kọ̀ǹpútà sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á. Ó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kò sí. Ó wá "àṣìṣe", kò sí. Ó wá "ìdánwò", òun náà kò sí, ṣùgbọ́n Ọ̀gá máa balẹ̀ ní alẹ́, fóònù rẹ̀ á sì máa lọ, Dókítà sì ní nọ́ńbà náà. Ó fa kálàmù yọ. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti béèrè èrò ẹni tó ń darí òṣìṣẹ́, ó kọ ọ́ pé: *Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ṣeé kọ́.* Ó fọwọ́ sí i pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, ó lu òǹtẹ̀.

"Kí lo máa sọ?"

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n."

Aago ara ògiri lu, ọjà pa. Àtúnkà pa kọ̀ǹpútà, ó ká fọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú àpò, ó wọ bàtà tó ti bọ́ sábẹ́ tábìlì nítorí pé ó ń fún un lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ò ní dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa kéde?" ni Dókítà bi í.

"Bàbá, èyí tí mo lè ṣe níbẹ̀ ti parí. Ẹ sùn re."

Bí ó ti ń fa ìlẹ̀kùn dé, ó gbọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá ẹfun, ó ń sọ fún Dókítà pé kí ó jókòó dáadáa, kí òun yà á sí pátákó fún un, bí ènìyàn ṣe máa ń dán òṣìṣẹ́ wò nínú ọjà líle. Àtúnkà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ojú títì kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yà á dé ẹsẹ̀ kejì.