Ọdún Tí Nermin Lé Súìtì Kúrò Nílé

Kò sí ẹni tó ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní ìlú Kayseri tí kò mọ̀ pé láàárọ̀ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹnu ọ̀nà èmi Sidika ni àwọn ọmọdé kọ́kọ́ máa ń sáré wá. Ọdún Súìtì ni àwọn kan tilẹ̀ ń pè é, bí ẹni pé Ọlọ́run kò fi nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Àwo súìtì mi a kún dẹ́nu, a máa dán yinrin. Mukadder tó ń gbé lábẹ́ wa a máa ra tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, àwọn ọmọ á sì gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá wá sókè lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú dé ibi tí kò yẹ kó dùn dé.

Lọ́dún yìí, Nermin, ìyàwó ọmọ mi, ní súìtì kankan kò ní wọ ilé náà.

Eyín ló fà á. Nígbà òtútù tó kọjá, dókítà yọ eyín méjì lẹ́nu Yonca, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ọjọ́ náà ni Nermin ti ń ka ẹ̀yìn gbogbo páálí oúnjẹ kó tó rà á, bí ẹni ń ka tírà. Ọmọ ìlú Izmir ni, wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà níbẹ̀.

"Nermin," mo ní, "ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú."

"Ìyá, inú kọ́ ló ń dùn ún. Eyín ni."

"Eyín ọmọdé! Ṣebí òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀?"

"Èyí tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni mò ń ṣọ́. Ìyá, ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sí èyí tó ká nínú eyín yín. Kí lẹ máa ń jẹ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?"

"Ìyà ni mo jẹ," mo dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Àṣé ó ti pe Saniye, àbúrò mi tó ṣì wà ní abúlé wa lápá Gumuṣane, ó ti bi í léèrè ohun gbogbo. Bí kome ṣe wọ ilé mi nìyẹn. Àwùsá ni wọ́n ń sin sára òwú bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi èso tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sè títí tó fi ki, wọ́n á sì sá a sórí okùn títí á fi gbẹ. Ohun tí à ń jẹ nígbà tí a kò rí súìtì rà nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀ lábúlé lọ́jọ́ tí mo relé ọkọ, n kò sì rò ó mọ́. Nínú ìlú ńlá, tí wọ́n bá bi obìnrin léèrè ibi tó ti wá, kò yẹ kó na òwú àwùsá sí wọn.

Nermin jó ìkòkò mi méjì. Ìgbà kẹta ló mọ̀ ọ́n ṣe, ó bá sá a sí fàráńdà, ó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ lójú gbogbo ayé. Mukadder yọjú láti ìsàlẹ̀.

"Sidika, kí lẹ sá sókè yẹn? Ṣé ìfun ewúrẹ́ ni?"

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọlẹ̀. Mo pa fèrèsé dé, n kò sì bá Nermin sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ alẹ́ fi dé.

Nígbà tó di àárọ̀ ọdún, tí Vedat ọmọ mi ti kírun dé, tí òun, Nermin àti Yonca ti fi ẹnu ko ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wọ aṣọ àrán mi, mo jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé ìgò lọ́fínńdà sí ẹ̀gbẹ́ mi láti máa dà sọ́wọ́ àlejò. Aago ẹnu ọ̀nà dún. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan ni, Kaan ọmọ ọmọ Mukadder ló ṣáájú. Wọ́n fi ẹnu ko ọwọ́ mi, wọ́n gbé e kan iwájú orí, wọ́n ṣí àpò wọn. Nermin fún wọn ní kome tó ti gé wẹ́wẹ́.

Kaan fi imú fà á. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lèyí?"

"Kome ni. Àwùsá ló wà nínú ẹ̀."

"Súìtì ńkọ́?"

"Kò sí súìtì níbí lọ́dún yìí, ọkọ mi."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kan àtẹ̀gùn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ má wulẹ̀ gòkè o! Igi gbígbẹ ni wọ́n ń pín lókè!"

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Láti ìgbà náà, aago kò dún mọ́. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń gòkè dé ọ̀dọ̀ Mukadder, mò ń gbọ́ ẹ̀rín, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń padà. Ilé tí ọmọdé kò bá kàn láàárọ̀ ọdún, ilé ọ̀fọ̀ ni, tàbí ilé ahun. Èmi kọ́ ni ahun, kò sì sí ẹni tó kú.

"Vedat, dìde. Lọ ra súìtì wá."

Vedat dìde. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó tún jókòó.

"Vedat! Ṣé ìyá ẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ni àbí rédíò?"

Nermin ti lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Tí súìtì bá wọlé lónìí, kí ni mo fẹ́ wí fún Yonca lọ́la?"

"Èmi tí mo jókòó síbí lónìí ńkọ́, kí lo fẹ́ wí fún mi?"

Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Olóríkunkun ni obìnrin náà. N kì í sì í fẹ́ rí olóríkunkun, àfi tó bá jẹ́ èmi fúnra mi.

Yonca ló yọ sí wa láàárín. Ó ti wọ bàtà ọdún, ó fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé. Òun àti ìyá rẹ̀ ti jọ sọ ọ́: kò ní kọ ohun tí àgbà bá fún un, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Á gbà á, á yan ẹyọ kan tó wù ú jù, á jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, á fọ ẹnu, baba rẹ̀ á sì kó ìyókù lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni pé ó bu kome láti inú àwo, ó ń dà á sínú àpò tó yẹ kó fi gba súìtì.

"Ibo lò ń kó ìyẹn lọ?" mo bi í.

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Rustem, Màmá àgbà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé apá ọ̀dọ̀ yín làwọn náà ti wá. Tí àwọn ọmọdé ò bá jẹ ẹ́, àgbà á jẹ ẹ́."

Bàbá Rustem ló dàgbà jù nínú ilé wa, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé. Bàbá kì í lọ kí ẹnikẹ́ni lọ́dún. Gbogbo wa là ń sọ̀kalẹ̀ lọ fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, títí kan lèmọ́mù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kékeré ló ń lọ bá àgbà.

Yonca pẹ́ kó tó dé. A jókòó, a ò wo ojú ara wa. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Á dún, á dákẹ́, á tún dún. Mo rò pé onítọ̀hún máa yà sọ́dọ̀ Mukadder, ṣùgbọ́n kò yà.

Vedat ṣílẹ̀kùn. Bàbá Rustem ló dúró níbẹ̀, ó dé fìlà, ó wọ kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká Yonca. Gbogbo wa fò dìde.

"Bàbá! Kí ló dé? Àwa la fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá kí yín!"

"Ẹ jẹ́ n mí ná," Bàbá ní. "Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ kọ́lé sójú ọ̀run?"

Mo fún un ní àga mi. Ó tún bu kome jẹ, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá mi ló di irú èyí fún mi kẹ́yìn, nígbà tí mò ń lọ sí iṣẹ́ ológun. Nígbà tí mo fi máa dé, ìyá ti lọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọmọ yìí fi ẹnu ko ọwọ́ mi, mo na súìtì sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ló bá ní, 'Bàbá, èmi náà mú nǹkan wá fún yín.' Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọdún, ọmọdé kan ò mú nǹkan wá fún mi rí. Ìdí tí mo fi gòkè nìyẹn. Ẹ kú ọdún o."

Orí mi wú. Ọmọ tí ò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá, ìyá rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà jọ.

Nígbà tí àwọn ọmọdé lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Rustem, wọn ò bá a nílé. Kò sì sí ọmọ tó lè parí ọdún láìkí Bàbá. Bí ariwo ṣe gba orí àtẹ̀gùn nìyẹn: "Bàbá wà lókè! Ọ̀dọ̀ Màmá Sidika ni wọ́n wà!" Aago wa kò sinmi mọ́. Àwọn ọmọ wọlé, àwọn òbí tẹ̀ lé wọn, Mukadder tí kì í gun àtẹ̀gùn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà dé. Wọ́n fi ẹnu ko ọwọ́ Bàbá, wọ́n fi ẹnu ko tèmi. Ojú Bàbá kò kúrò lára Kaan, ni Kaan bá fi kome sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó dúró díẹ̀, ó tún na ọwọ́ sí àwo.

"Sidika," Bàbá Rustem ní, "ọwọ́ ta ló ṣe èyí? Ọwọ́ ọmọ Gumuṣane gidi nìyí. Ìwọ ni, àbí?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mukadder náà ń wò mí, ẹnu rẹ̀ kún fún àwùsá. Níbi tí mo ti wá, ọwọ́ obìnrin ni orúkọ rẹ̀ wà. Bí mo bá kàn mi orí, orúkọ náà ti di tèmi. Nermin dúró pẹ̀lú àwo tíì lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, kò ní sọ nǹkan kan.

"Ọwọ́ Nermin ni," mo ní. "Ọmọ Izmir. Ó jó ìkòkò mi méjì kó tó mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe ń bú u tó, kò jáwọ́. Èmi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ mi ni."

Bàbá gbé ojú sókè sí i. "Ọmọ mi, kí ìlera má kúrò lọ́wọ́ rẹ." Ohun tí à ń wí fún ẹni tó dáná nìyẹn, gbogbo ilé sì wí i tẹ̀ lé e, Mukadder náà.

Nermin gbé àwo tíì kalẹ̀, ó sáré wọ ilé ìdáná. Mo jẹ́ kó sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé ohùn sókè kí Mukadder lè gbọ́ dáadáa:

"Nermin, ọmọ mi, jáde wá! Àwọn èèyàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ wí fún wọn."