Iṣẹ́ Tí Evelyn Mú Wá

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù níbi tí Rahmah ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tó máa lọ. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó ti kọ láti ìgbà náà lé ní igba. Àwọn tó fèsì kò pọ̀; àwọn tó kù dákẹ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí wọn. Láràárọ̀, yóò mú Àmírà ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, yóò gba títì Rye Lane padà, yóò gun àtẹ̀gùn lọ sí fúláàtì wọn lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, yóò tún jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kì í tún lẹ́tà kà mọ́ kó tó fi ránṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Evelyn kọ̀wé sí i. Ó ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò fún àwọn ọsibítù ló ní kí òun wá èèyàn, pé òun ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Rahmah lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì wu òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn. Nígbà tí ara Àmírà ń gbóná, ẹ̀ẹ̀mejì ni Evelyn béèrè bí ara ọmọ ṣe rí. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbani síṣẹ́, òun nìkan ló bá Rahmah sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Kàbírù ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ti sọ fún Mummy, ìyá tó bí i, pé iṣẹ́ ti dé.

Ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni íntáfíù. Evelyn ní kámẹ́rà òun bàjẹ́, nítorí náà ohùn rẹ̀ nìkan ni Rahmah ń gbọ́. Ó fi àwọn fáìlì kan ránṣẹ́, ó ní kí Rahmah gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnì kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kó wá sọ ohun tó rí.

Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu Rahmah. Gbogbo íntáfíù tó ti ṣe, wọn a ní kó kọ kóòdù kí àwọn rí bó ṣe ń ronú. Èyí kò fẹ́ kó kọ ohunkóhun. Kó ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ ló ń wá. Rahmah ní òun fẹ́ kọ́kọ́ kà á. Evelyn ní kò sáyè, èèyàn mẹ́ta ṣì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Síbẹ̀, Rahmah kà á. Nínú fáìlì kẹrin, wọ́n fi àlàfo gígùn ti ìlà kan sí apá ọ̀tún pátápátá, níbi tí ojú kò lè tètè dé. Ìlà náà yóò lọ fa nǹkan wá láti ibòmíràn, yóò sì kó gbogbo páswọ́ọ̀dù orí kọ̀ǹpútà náà lọ. Orí kọ̀ǹpútà yìí sì ni Rahmah ti ń bá mọ́sáláṣí wọn bójú tó ìwé àwọn ọmọ ilé kéú: orúkọ ọmọ, àdírẹ́sì, fóònù òbí.

Ó mọ ohun tó ń wò. Síbẹ̀ ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó wù ú kó jẹ́ pé òun ló ṣì í kà.

"Rahmah," ni Evelyn wí jẹ́jẹ́, "ṣé o ò fẹ́ iṣẹ́ yìí mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Evelyn gé ìpè náà láìdágbére.

Rahmah fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà iléeṣẹ́ náà, ó pè wọ́n. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní àwọn kò ní Evelyn kankan, pé Rahmah ni ẹnì kẹrin tó máa pè lọ́sẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú.

Nígbà tí Kàbírù dé lọ́sàn-án, Rahmah sọ fún un. Kàbírù bọ́ bàtà, ó jókòó, ó sì fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Màá pe Mummy," ló sọ. "Ìwọ má pè wọ́n."

Rahmah kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn obìnrin tó ń kọ kóòdù. Kò tíì pé wákàtí kan tí Yusrah, tó ń gbé ní ẹ̀sìtéètì Aylesbury tí kò jìnnà sí wọn, fi pè é. Ó ní irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ òun náà lánàá, òun sì ti tẹ̀ ẹ́, lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ òun. Ojú ń tì í láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ó rẹ Rahmah, ṣùgbọ́n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a. Kò bá a wí. Ó ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé àjèjì ti fi méjì nínú páswọ́ọ̀dù náà wọlé. Ìgbà yẹn ni Yusrah gbé fóònù.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá náà kò pariwo. Ó ní ó dáa tó tètè sọ, àwọn á dí gbogbo ọ̀nà tí àjèjì náà lè gbà wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì kírun Asri nínú pálọ̀ Yusrah, Rahmah sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.