Àmì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ká má parọ́, ọwọ́ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Àṣá mọ iṣẹ́. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ara ọkọ̀ ojú irin àti abẹ́ afárá ló máa ń fi ọ̀dà agolo kọ orúkọ yìí sí, gàdàgbà gàdàgbà, àwọn ọlọ́pàá á sì máa lé e kiri bí ẹni lé adìyẹ. Nígbà tó yá, àwọn tó ń lé e náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Wọ́n ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ sí i láti ìlú tó jìnnà pé kó wá ya ògiri àwọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sì ń pín àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Orí rẹ̀ wú. Ta ni orí rẹ̀ ò ní wú? Àmọ́ ti Ojú Àṣá ti kọjá wíwú, ó ti di ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún pé ibí yìí wọ́.

Àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ló tún ti wá ṣiṣẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkángun òpópónà náà ti kú, àwọn aládùúgbò sì fẹ́ kó yà á sára ilé alájà mẹ́ta tó kọjú sí ibùdókọ̀. Ọkọ ìyá náà, bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ìsàlẹ̀ ilé ọ̀hún, ló mú àwòrán wá. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló fi fóònù ya ara rẹ̀ níwájú ààrò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun kún iwájú orí rẹ̀, BÚRẸ́DÌ GBÍGBÓNÁ sì wà láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú Àṣá gun ẹ̀rọ agbénigòkè, ó fa ìlà sára ògiri bíi ti ìwé ìṣirò, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀, èrò pọ̀ níbùdókọ̀. Gbogbo wọn ń sọ pé ó kù kí ìyá náà sọ̀rọ̀. Bàbá Oníbàtà nìkan ló gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó, ó tún wò ó, kó tó sún mọ́ ayàwòrán náà.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Òun gan-an ni. Àmọ́ àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló wà."

"Bàbá, ohun tí ẹ fún mi ni mo yà." Ojú Àṣá na fóònù sí i. "Ẹ wò ó. Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Bàbá wo fóònù. "Ọ̀tún ni."

"Ṣé fóònù ló ń parọ́ ni? Ẹ ṣáà ní kí àwọn ọmọ yín mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bàtà lẹ ti ń wò jù, Bàbá, ẹ ti gbàgbé ojú ìyàwó."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Oníbàtà náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín. "Ó lè jẹ́ èmi ni," ló wí, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ojú Àṣá jókòó sí ilé ìdáná, ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa iṣẹ́ náà. Ayàwòrán kan láti òkè òkun bi í pé báwo ló ṣe gbé àwọn lẹ́tà aṣọ yẹn kalẹ̀ tí wọ́n fi dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, torí lẹ́tà ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ kọ́. Ó ṣí àwòrán ìyá náà láti fi han onítọ̀hún ibi tó ti mú un. Ìgbà yẹn ló rí i pé òdì ni àwọn lẹ́tà inú fóònù kọjú sí, bí ìgbà téèyàn bá ń ka nǹkan nínú dígí.

Fóònù ìyá náà máa ń yí àwòrán padà bíi dígí, òsì á di ọ̀tún. Ọwọ́ Ojú Àṣá sì ti mọ̀. Lókè lórí ẹ̀rọ, ó ti yí lẹ́tà wọ̀nyẹn síbi tó yẹ láìdúró rò ó, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń bá lẹ́tà gbé, kò lè rí èyí tó kọjú sódì kó má tún un ṣe. Ojú ìyá náà ni kò yí. Ó tún aṣọ ṣe, ó gbàgbé ẹni tó wọ aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni àmì Ìyá Oníbúrẹ́dì wà?"

"Òsì." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn, abọ́ ló ń fọ̀.

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Ṣé o jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ni? Bàbá yẹn sọ̀rọ̀, gbogbo wa la rí ohun tójú ẹ̀ rí."

Ìtìjú ò jẹ́ kó sùn dáadáa. Èrò kan wá sí i lọ́kàn: kó jí lọ síbẹ̀ kí ibùdókọ̀ tó kún, kó fi ọ̀dà bo àmì náà, kó gbé e sí apá kejì, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí yóò bi í. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti fi agolo sápò, ó ti dé ìdí ògiri, kó tó wá ro ti bàbá. Bí bàbá bá jáde tó bá àmì lápá òsì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni wọ́n fi hàn án lánàá, kí ni yóò rò nípa ojú ara rẹ̀? Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Oníbàtà ń rán àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan. "Wọlé, ọmọ mi. Má bínú tàná."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ojú Àṣá ju èébú lọ.

"Mo pe ọmọ wa obìnrin lórí fóònù," bàbá ń bọ́rọ̀ lọ. "Ó ní bó bá jẹ́ pé ọ̀tún ló wà lára ògiri, ọ̀tún náà ni. Mo bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ ìyá ẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé mi ò mọ ìgbà tí mo gbàgbé ojú ẹ̀."

Ojú Àṣá lóṣòó níwájú rẹ̀. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. "Bàbá, ẹ ò gbàgbé. Òsì ni. Fóònù ló yí i. Mo rí i lára lẹ́tà, mo tún lẹ́tà ṣe, mi ò tún ojú Ìyá ṣe. Èmi ni mo ṣì í."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ bàbá. "Tún un sọ."

"Òsì ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un ṣe báyìí, kí èrò tó pọ̀."

"Rárá. Jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Níta lo ti sọ tàkọ́kọ́."

Wọ́n dúró nídìí ògiri títí ibùdókọ̀ fi kún. Ojú Àṣá sọ ọ́. Ẹnì kan ní òun ò gbọ́, ó bá tún un sọ sókè: pé bàbá ló tọ̀nà, pé òun lòun ṣì í, pé òun fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ohun tí bàbá mọ̀ ju òun lọ. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lánàá ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló gun ẹ̀rọ. Kò mú fóònù dání. Ó gbé agolo sókè, ó sì bojú wo ìsàlẹ̀, níbi tí bàbá dúró sí, tó fi ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀," ni bàbá wí. "Díẹ̀ sí i. Sún un mọ́ ẹnu. Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń fẹnu..." Kò parí rẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ni."