Ahọ́n Aláró

Ẹni tó bá ń pe aró ní búlúù, ẹ má bá a jiyàn, kò tíì rí aró rí ni. Búlúù ni ti ike omi àti ti ara géètì. Aró ní tirẹ̀ dú débi pé bí oòrùn bá kọlù ú, pupa á máa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ìyá Àsíátù máa ń rẹ ní agboolé wọn ní Òwu kó tó kú, ìró kan ṣoṣo ló sì kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìró náà ti gbó, etí rẹ̀ ti ń já, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

Àsíátù jogún ìkòkò aró lọ́wọ́ ìyá yìí, ó sì ti fi í jẹun fún ogójì ọdún. Ohun tó wá ń fẹ́ láyé báyìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ rẹ aṣọ kan tí yóò bá ìró yẹn dọ́gba, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí ojú náà ti ń lọ. Dókítà sọ fún un pé omi inú ẹyinjú rẹ̀ ń fún iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ pa, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn lè dá a dúró díẹ̀ ni. Bí ọdún bá fi máa yípo, ó lè má rí ju òjìji lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ra yáàdì márùn-ún aṣọ funfun, ó ká a sórí àpótí, ó ní kí ojú òun tó kú, aṣọ náà á di aró.

Fàòsíyà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló mú un lọ rí dókítà. Iṣẹ́ àwọ̀ ni Fàòsíyà náà ń ṣe, àmọ́ ti ẹ̀rọ ni tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ̀dà ilé ní Ìkẹjà ló wà, ìdájí ló ń wọkọ̀ ní Kútọ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí di Jímọ́ọ̀. Á ti ohun tí oníbàárà bá mú wá sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, á kọ nọ́ńbà jáde, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ó fi po ọ̀dà. Ó ti gé owú díẹ̀ lára ìró ìyá àgbà lọ síbẹ̀ rí. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ wálé, ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé àwọ̀ kì í gbé ara nǹkan, ìmọ́lẹ̀ ló ń bà lé nǹkan, nǹkan á gbé èyí tó wù ú mì, á dá ìyókù padà, ohun tó bá dá padà lojú ń rí. Àsíátù gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ yín yẹn," ó ní, "ṣé ó máa ń tọ́ nǹkan wò?"

Ìbéèrè aláró gidi nìyẹn. Ojú kọ́ ni aláró fi ń mọ aró, ahọ́n ni. Omi tí wọ́n bá sẹ́ gba inú eérú igi ni wọ́n ń rẹ ewé èlú sí. Bí omi náà kò bá lágbára, èlú kò ní í jinná. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, á jẹ aṣọ. Àárín méjèèjì kò sí lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn àdúrà àsùbáà, Àsíátù á fi igbá kékeré bu omi ìkòkò, á yí i ká ẹnu, á tu ú dànù, á sì sọ ohun tó kù. Nígbà tí Fàòsíyà wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fún òun náà tọ́ wò. Ó tutọ́, ó sunkún, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ ìwé ni. Wọn kò tún fún un mọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni eérú. Gáàsì ni gbogbo agboolé fi ń dáná báyìí. Àwọn oníbúrẹ́dì tí Àsíátù ti ń bu eérú ti ń fi táyà àti ọ̀rá kún igi wọn, eérú wọn ò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá ìkòkò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èlú kú sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó jókòó ti ìkòkò náà, ó ń fi ọwọ́ pa á lára. Fàòsíyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkẹjà dé bá a níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè bóyá iná ti lọ, iná sì wà, gílóòbù ń tàn lókè orí wọn.

Ìfẹ́ ló ṣe ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwà ìkà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àsíátù tún fi eérú tó rí ṣà jọ dá ìkòkò kẹrin. Nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, Fàòsíyà gba Ìtòkú kọjá, ó ra kọ́sítíìkì sódà, èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Lójú tirẹ̀, ohun kan náà ni òun àti omi eérú, agbára ni wọ́n fi jura. Ó wọn ọ́n bí ìwé ṣe kọ́ ọ, ó dà á sínú ìkòkò nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kírun alẹ́, ó fi igi rò ó. Kò sọ fún un, nítorí ìyá kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ kẹ́míkà létí ìkòkò ìyá tirẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí èlú bá jinná, inú dídùn ni òun ó fi sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti Ọjọ́ Ajé. Ó sùn.

Ó rántí nọ́ńbà, ó rántí ìwọ̀n, kò rántí igbá kékeré.

Àsíátù kírun àsùbáà tán, ó lọ tààrà sídìí ìkòkò. Láti bí oṣù kan ni omi rẹ̀ ti ń tẹ́ lẹ́nu, kì í ta, kì í korò, nítorí náà kò fọwọ́ kékeré bù ú lọ́jọ́ yìí. Ó bu igbá kún, ó gbà á sẹ́nu, ó yí i ká. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ohun tó jí Fàòsíyà kì í ṣe igbe, ariwo igbá tó ṣubú ni.

Àsíátù pẹ́ nílé ìwòsàn. Omi náà ti bó ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀, rọ́bà ni wọ́n ń gbà fún un lóúnjẹ. Dókítà bi Fàòsíyà pé kí ni màmá mu, ó sì sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Bùsírátù, aláró ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, wá kí wọn, ó ní kí Fàòsíyà gbàgbé, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó ṣeun, ṣùgbọ́n agbè fọ́. Nígbà tí wọ́n padà sí Òwu, ohùn ìyá ti di fẹ́lẹ́, iyọ̀ àti ṣúgà ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Oògùn ojú tí wọn kò ráyè kán déédéé ní gbogbo ìgbà náà sì ti gba ìgbẹ̀san tirẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Fàòsíyà sunkún títí, kò rí ibi tí yóò bá yọ.

Àsíátù kò bá a wí. Ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n tún ìkòkò dá lọ. Fàòsíyà wá eérú kiri, ó dé Owódé, ó bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Igi gidi ni wọ́n fi ń dáná, eérú wọn ga ní òkìtì, wọ́n ń kó o dà sígbó. Wọ́n bù ú fún un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún dúpẹ́ pé ó bá àwọn kó ìdọ̀tí. Ìrìn wákàtí kan péré ni láti Òwu. Ó jókòó sórí àpò eérú náà.

Wọ́n sẹ́ omi. Ó kán fún ọjọ́ méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Fàòsíyà bu díẹ̀, ó gbà á sẹ́nu, ó sì gbìyànjú kó má tutọ́.

"Báwo?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó ń ta ahọ́n, Màmá. Ó sì ń yọ̀."

"Ó ń ta bí kí ni? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ló ti mú ọ ni, tàbí ẹ̀yìn ahọ́n?"

Fàòsíyà tún tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbẹ́ ni, ó tún dà bí ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó fẹ́ fi wé e, nítorí láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni kò ti tọ́ ọ wò mọ́. Àsíátù na ọwọ́, ó ti ìka bọ omi, ó fi lé ahọ́n. Ó tún bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kó tó yọ ìka náà lẹ́nu.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní.

"Màmá, èmi ni mo ba yín jẹ́."

"Ìwọ kọ́. Èmi ni mi ò fi ipá kọ́ ọ, lọ́jọ́ tó o sunkún."

Wọ́n fi ojú inú díwọ̀n, wọ́n kó èlú sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òórùn jíjẹrà ló ń jáde. Fàòsíyà da ìkòkò náà sí gọ́tà fúnra rẹ̀. Ó wọlé, ó sọ pé òun á gbé aṣọ funfun náà lọ bá Bùsírátù, kí ó bá wọn rẹ ẹ́ pẹ̀lú kẹ́míkà tó ń lò, á sáà jọ ti ìyá àgbà. Ìyá rẹ̀ mi orí.

"Má rẹ ẹ́ mọ́. Funfun náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó."

Ọmọ Mùsùlùmí ni Fàòsíyà, ó mọ ọjọ́ náà, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń wé sínú rẹ̀. Ó kó aṣọ funfun náà àti ìró ìyá àgbà sórí ẹní kí ó lè tún wọn ká sínú àpótí. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé, ó kọlu ìró náà, pupa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Àsíátù na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó gbé ọ̀kan lé aṣọ yìí, ó gbé èkejì lé tọ̀hún, ó dojú kọ wọn fún ìgbà pípẹ́.

"Fàòsíyà," ó ní, "èwo ni funfun nínú wọn?"