Ta Ló Bí Ọmọ Yìí?

Ó ti di ọdún karùn-ún tí káfíńtà ti wà lókè òkun kí àwọn ẹ́ńbásì tó pe ìyàwó rẹ̀ aránṣọ àti ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méjìlá, wá dáhùn ìbéèrè lórí ìwé tí wọn yóò fi lọ bá a.

"Ohun tó o bá mọ̀ ni kó o sọ," ni aránṣọ ń wí lọ́nà.

"Màámi, ẹ̀yin gan-an lẹ ń gbọ̀n," lọmọ náà fèsì.

Àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó sórí àga onírin. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pe nọ́ńbà wọn. Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn gíláàsì rọra ń sọ̀rọ̀. Ó bi aránṣọ nípa ìgbéyàwó, ó bi í bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sùn.

"Ó máa ń hanrun bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, sà."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé ìbí ọmọ.

"Ọmọ yìí ti pé ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kọ èyí. Ẹ ti búra, ìyá. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Aránṣọ yíjú sọ́mọ. "Lọ dúró dè mí níta."

Ọmọ náà kò mira.

"Àbúrò mi ló bí i," ni aránṣọ wí níkẹyìn. "Ọjọ́ tó bí i náà ló kú. Láti ọjọ́ náà lọmọ ti wà lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá náà kẹ́dùn. Ó ní láìsí ìwé ìgbàtọ́ láti kóòtù, ìyá lè lọ, ọmọ kò lè lọ.

Nígbà tí káfíńtà gbọ́ lórí fóònù, ó mí kanlẹ̀. "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ò bá ti ní ìwọ lo bí i. Ìwọ máa bọ̀ ná."

"Ta ni kí n fọmọ tì, bàbá ẹ̀?"

Káfíńtà ní òun máa pè padà.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà kò pè é ní Màámi. Kò pè é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé kan ló ní kó mú òun lọ síbi tí wọ́n sin ìyá òun sí. Koríko ti bo ibojì náà. Wọ́n fi ọwọ́ tu ú títí sìmẹ́ńtì fi hàn.

"Ṣé ó gbé mi rí?"

"Ó gbé ẹ. Kò pẹ́, àmọ́ ó gbé ẹ."

Ọmọ náà mi orí, ó ń tu koríko lọ.

Aránṣọ lọ sí kóòtù fún ìwé ìgbàtọ́, kóòtù sì ní kí wọ́n wá bàbá tó bí ọmọ jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìwé àṣẹ ìrìnnà aránṣọ kọjá ọjọ́ rẹ̀ láìlò. Ìpè ojoojúmọ́ káfíńtà di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lọ́dún kejì, káfíńtà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti fẹ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, kí ó má bínú. Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fà á síwájú ọmọ náà kí òun náà lè kà á. Wọn kò fi ohunkóhun pa mọ́ fúnra wọn mọ́.