Tísà Olólùfẹ́ Gbá Tábìlì

Ilé àdúrà ló yá tísà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn àgbà bí a ṣe ń kọ ìtàn ní ìrọ̀lẹ́. Òfin rẹ̀ ni pé kí oníkálukú kọ́kọ́ fẹnu sọ ìtàn tirẹ̀ kó tó mú bírò. Ẹni tí ìtàn náà kò bá wọ̀ lára, kó gbá tábìlì. Obìnrin ni tísà, ìwé ìfẹ́ ló sì kà dàgbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Tísà Olólùfẹ́.

Lọ́jọ́ kan, káfíńtà kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dìde. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àyà tísà á máa lù kìkì. Ọ̀rọ̀ tí tísà ń retí látẹnu rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Ọkùnrin kan wà," ni káfíńtà wí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ó fẹ́ràn obìnrin kan, kò lè sọ ọ́. Tó bá kúnlẹ̀ láràárọ̀, kì í ní kí Ọlọ́run fún òun ní obìnrin náà. Ó kàn máa ń ní, 'Olúwa, jẹ́ kó rí oorun sùn. Ikọ́ tó ń wú yẹn, bá a mú un kúrò.' Á wá gba ibi iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ó tán."

Gbà! Tísà ló kọ́kọ́ gbá tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ṣé ìtàn ìfẹ́ rèé àbí ìwé dókítà? Òṣùpá dà? Omijé dà? Ikọ́ kẹ̀! Ta ló ń fi ikọ́ fẹ́ obìnrin?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà kan láàárín wọn náà gbá tábìlì. "Ẹ bá ìyàwó ra oògùn o!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ láàárín èrò. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ìgbà yẹn ni ikọ́ gbé tísà. Ó wú u, ó wú u, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín kú ní yàrá.

Màmá aránṣọ tó jókòó níwájú tẹjú mọ́ ọn. "Tísà mi," ló wí wẹ́lẹ́, "ikọ́ yín yìí ò tíì lọ?"

Tísà ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá káfíńtà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ adùn kún ẹnu rẹ̀: ọba ọkàn mi, ìmọ́lẹ̀ ojú mi. Nígbà tó rí i tó ń fá pákó, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ má bínú. Ojú ń tì mí."

"Mi ò bínú, tísà. Ẹ fẹ́ kó dùn ni."

"Ẹ padà wá, ẹ wá parí ìtàn yẹn."

Káfíńtà fẹ́ eruku kúrò lórí pákó. "Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ní kí n gbàdúrà, ìró tábìlì ni mò ń gbọ́. Mo bá dìde. Mi ò rí nǹkan kan sọ fún Ọlọ́run."

 Tísà kúnlẹ̀ sáàárín èérún pákó, kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin yìí ni òun ń bẹ̀ àbí Ẹni tó ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀.

"Ẹ dìde, ẹ má ba aṣọ yín jẹ́."

"Ẹ jẹ́ n ṣì wà níbí ná," ló wí. Ó tẹrí ba, kò gbé e sókè.