Oògùn Ojú Àlòkù

"Gbójú sókè, ìyá mi," ni dókítà ojú wí fún ọmọbìnrin náà.

Ọmọ náà gbójú sókè. Ojú òsì ti funfun láàárín, ó rí bí ẹyin tí wọ́n sè tí wọ́n bó. Dókítà tan iná sí i, ó pa á, ó tún tàn án.

"Ẹran ọ̀sìn wo ló wà nílé?"

"Ehoro ni, sà," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ti ọ̀gá mi ni. Ọmọ yìí náà máa ń gbé wọn mọ́ra tí mo bá ń gbá ilé wọn. Irun ti ń re létí ọ̀kan."

Opó ni ìyá náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ ọ̀gá, ti kú ni òun àti ọmọ ti ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé, ohunkóhun tí wọ́n bá sì lò kù nínú ilé ńlá ni wọ́n ń fún wọn. Nígbà tí lápálàpá yọ sí ìpéǹpéjú ọmọ, tí ojú sì pọ́n, ó tọrọ àyè kó lè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Ta ló máa wá tọ́jú ilé?" ni ìyàwó ọ̀gá bi í. Ó mú oògùn tí wọ́n fi wo ojú ọmọ tirẹ̀ jáde. "Gba èyí. Oògùn gidi ni, kì í ṣe ayédèrú."

Opó kúnlẹ̀ gbà á. Àràárọ̀ ló ń kán an, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò.

Ìyàwó ọ̀gá náà ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá lónìí. Ó jókòó tì wọ́n.

"Lápálàpá ara ehoro ló wọnú ojú yìí," ni dókítà wí. Ó gbé ìgò oògùn tí opó mú wá sókè. "Èyí ń mú kí pípọ́n ojú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń bọ́ lápálàpá. Ká ní ẹ tètè wá ni, oògùn tirẹ̀ wà. Ojú yìí ti lọ. Ojú kejì la máa du báyìí. Ta ló fún yín ní oògùn yìí?"

Ìyàwó ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀.

Opó ronú kan yàrá ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá lé wọn níbẹ̀, kò mọ ibi tí wọn yóò sùn.

"Èmi ni mo rà á, sà. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá yìí náà. Ẹ jókòó sílé, ẹ fi ọwọ́ ara yín fọ́ ọmọ lójú."

"Ẹ bá mi bá a wí, Dókítà," ni ìyàwó ọ̀gá wí jẹ́jẹ́. "Ìbáwí tèmi ti sú u."

Opó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ má bínú, mà," ló wí.